Okùn Eré Kẹ̀kẹ́ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Hun

Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ dáadáa ó ti dá, ó wá ku èyí tó ń kán tó, tó, láti etí páànù sínú bàsíà tí mo gbé síta. Ojú ọ̀run ṣú, ó sì rẹlẹ̀, bíi pé èèyàn lè na ọwọ́ kàn án. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá. O ò gbé Ilo-Awela rí, nítorí náà jẹ́ kí n sọ fún ọ: tí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́ lọ́dọ̀ wa, òórùn ilé iṣẹ́ kì í lọ, ojú kan náà ló máa dúró sí. Òórùn bisikíìtì tó fẹ́ jóná ń bọ̀ láti apá kan, òórùn ike tí wọ́n ń yọ́ ń bọ̀ láti apá kejì, òórùn ẹrẹ̀ sì wà lábẹ́ méjèèjì. Títí dòní, tí mo bá gbóòórùn bisikíìtì gbígbóná lẹ́yìn òjò, màá kọ́kọ́ dúró lójú kan kí n tó rántí ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ eré kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ tí a ń fẹsẹ̀ wà ni mo ń wí o, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń sá a, ọjọ́ kan ṣoṣo: láti ẹnu géètì ilé iṣẹ́ irin kan ní Ṣàngó, gba inú Ọ̀tà, dé Àtàn, kí wọ́n sì padà síbi tí wọ́n ti gbéra. Bàbá àwọn ọmọ mi ti jáde kí n tó kí Àsùbá tán. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà, kò sì tíì pa eré náà jẹ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó so aṣọ nọ́ńbà tí mo fọwọ́ rán fún un mọ́ ẹ̀yìn, ó fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ sórí tábìlì. Mo ní kó mú un dání. Ó ní, "Ta ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lórí kẹ̀kẹ́?" Ó lọ.

Mi ò tíì ká ẹní ìrun mi tán nígbà tí fóònù tèmi dún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, èyí tó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní Àtàn.

"Ìyá kékeré, ẹ jókòó."

Mo ní mo ti jókòó. Ìdúró ni mo wà.

"Màámi ti lọ. Wọ́n kí Àsùbá tán, wọ́n ní kí n fún àwọn lómi. Kí n tó bu omi dé, wọ́n ti lọ."

Lẹ́yìn náà ó sọ fún mi pé àáfà ti wá, pé kété tí wọ́n bá kí Àyìlá tán ní ọ̀sán ni wọ́n máa kírun sí i lára, tí wọ́n á sì sin ín. Àwọn ìyá mẹ́ta láti mọ́ṣáláṣí ti ń bọ̀ wá wẹ̀ ẹ́.

Mo ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n dúró dè mí. Kí ẹnikẹ́ni má tú aṣọ lára rẹ̀."

Ìwọ tí a jọ dàgbà, o mọ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe rí. O mọ bó ṣe máa ń sá fún omi tútù, tí a máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ewúrẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o ò mọ̀. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ike, kí ọmọ rẹ̀ yìí tó dáyé, ike yíyọ́ dà sí i lẹ́yìn. Ó jinná o, àmọ́ gbogbo ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ hunjọ láti èjìká dé ìbàdí. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó rí ẹ̀yìn yẹn àfi ọkọ rẹ̀ tó ti ṣáájú rẹ̀ lọ, àti èmi. Ọmọ rẹ̀ pàápàá kò rí i. Nígbà tí ìyá wa kú, ọ̀kan nínú àwọn tó wẹ̀ ẹ́ jáde sí gbangba, ó ń ṣàpèjúwe ara ìyá wa fún àwọn aládùúgbò bí ẹni tó ń ṣàpèjúwe ẹran tó rà. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ìwọ ni kó o wẹ̀ mí. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Má jẹ́ kí wọ́n rí ẹ̀yìn mi." Mo ní mo gbọ́. Ó lé ní ogún ọdún tó fi ń rán mi létí rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń rán èèyàn létí ìkòkò tó gbé kaná.

Mo di ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn tuntun, káńfọ̀ àti aṣọ ìnura méjì sínú àpò, mo jáde. Ọ̀nà méjì ló wà láti ilé wa sí Àtàn tí wọ́n bá ti títì ńlá pa fún eré. Ọ̀kan gba inú àbàtà ẹ̀yìn ilé wa. Òjò ti kún un. Ọlọ́kadà tí mo dá dúró wo omi náà, ó wo èmi náà, ó ní, "Màmá, ọkọ̀ ojú omi lẹ máa nílò." Ọ̀nà kejì ni kí n dá títì kọjá sí òdìkejì, níbi tí ilẹ̀ ti ga, kí n gun ọ̀kadà níbẹ̀, kí ó gbé mi gba ẹ̀yìn àwọn ilé iṣẹ́ lọ. Títì yẹn kò fẹ̀ ju ohun tí èèyàn lè fi ogún ìṣísẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n okùn wà níwájú rẹ̀, okùn kan náà tún wà ní òdìkejì, èmi ni mo sì hun méjèèjì.

Jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe jẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ eré yẹn kò ní àsíá, kò ní ọlọ́pàá. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé láti ìlú wa lápá Ọ̀ṣun, ọkọ̀ èrò kò pọ̀ ní ọ̀nà yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin tó ń gbé Àtàn máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá síbi iṣẹ́ ní ìdájí, kẹ̀kẹ́ dúdú wúwo tó ní kárià lẹ́yìn, abọ́ oúnjẹ wọn á sì wà lórí kárià tí wọ́n fi rọ́bà dè. Wọ́n máa ń bá ara wọn sáré lọ́nà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé géètì á máa fi àwọn yòókù ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Nígbà tó di ọjọ́ ìsinmi kan, wọ́n ní kí àwọn wá sá a dáadáa kí yẹ̀yẹ́ náà lè parí. Ọkùnrin mẹ́rìndínlógún ni wọ́n. Táyà kẹ̀kẹ́ tuntun kan ni ẹ̀bùn. Bàbá àwọn ọmọ mi ṣe ipò kẹta, oṣù kan gbáko ló sì fi ń ròyìn rẹ̀ fún mi bíi pé òun ló gba táyà. Ọdún kejì, ilé iṣẹ́ fún wọn ní fáànù. Ọdún kẹta, ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wá wòran, àwa ìyàwó sì máa ń dúró létí títì pẹ̀lú omi mímu.

Ọdún kẹrin ni mo ṣe ohun tí mo ṣe. Níbi tí títì ti kọ nítòsí wa, òkè kan wà tó sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti òkè kì í rí ẹni tó wà nísàlẹ̀ àfi tó bá ti dé orí rẹ̀. Mo rí bàbá àwọn ọmọ mi ní òdìkejì tó ń làágùn, ètè rẹ̀ gbẹ. Mo gbé ife omi, mo sáré dá títì kọjá láti gbé e fún un. Mi ò wo apá ọ̀tún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, òun ló ṣáájú gbogbo wọn lọ́jọ́ náà. Kó má bàa gbá mi, ó yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ fara gbá etí gọ́tà. Mo gbọ́ bí egungun èjìká rẹ̀ ṣe dún. Omi inú ife tí mo gbé kò tilẹ̀ dànù. Wọ́n to egungun náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún yẹn kò ga kọjá àyà mọ́, kò sì gun kẹ̀kẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mi ò lè sùn dáadáa. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ká mi mọ́ báyẹn, ọwọ́ mi ni mo máa ń fún níṣẹ́. Mo kó àwọn àpò ìrẹsì tó ti ya jọ, mo gé wọn ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi ń hun okùn, mo ń fi àkísà pupa bọ àárín rẹ̀ kí ojú lè tètè rí i. Oṣù méjì ni mo fi hun méjì, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ títì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn ọkùnrin jókòó láti gbé òfin eré kalẹ̀, mo gbé okùn náà tọ̀ wọ́n lọ. Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀ títí ẹni tó gbẹ̀yìn yóò fi lọ tí yóò sì padà, ìbáà jẹ́ èmi. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́. Mi ò kàwé lọ títí, àmọ́ tí wọ́n bá ṣí ìwé wọn, mo mọ ìlà yẹn. Wọ́n fún ọkùnrin tí èjìká rẹ̀ ṣẹ́ ní fèrè kan pé kó máa ṣọ́ kọ̀rọ̀ náà. Bàbá Onífèrè ni gbogbo èèyàn ń pè é di òní. Èmi ni mo ń tọ́jú okùn. Ọjọ́ kejì eré ni wọ́n máa ń rí mi tí mo ń fọ̀ ọ́.

Eré náà dàgbà ju gbogbo wa lọ. Àwọn ọ̀dọ́ wá ń ti Èkó àti ibi tó jìnnà wá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín bí ìka, ṣòkòtò wọn lẹ̀ mọ́ra. Kẹ̀kẹ́ dúdú oníkárià kò sí nínú wọn mọ́, àfi ẹyọ kan. Nínú àwọn mẹ́rìndínlógún àkọ́kọ́, àwọn kan ti kú, àwọn kan ti padà sí ìlú wọn. Bàbá àwọn ọmọ mi nìkan ló kù tó ń sá a, ìgbẹ̀yìn ló sì máa ń wà lọ́dọọdún. Gbogbo títì ló máa ń dúró dè é.

Bí mo ṣe dé ẹnu okùn lọ́jọ́ náà, Bàbá Onífèrè kí mi. Ọkùnrin ibi iṣẹ́ ọkọ mi ni, ìyàwó wa ló máa ń pè mí.

"Ìyàwó wa, ẹ kú òjò. Ẹ ti wá wo ọkọ yín?"

Mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi kú, mo sọ àsìkò tí wọ́n fẹ́ sin ín, mo sọ pé èmi ni mo gbọ́dọ̀ wẹ̀ ẹ́. Ó ṣí fìlà.

"Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn."

"Àmín. Ẹ jẹ́ kí n kọjá."

Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó wo okùn. Ó fi ọwọ́ òsì di fèrè ọrùn rẹ̀ mú. "Àwọn tó ṣáájú ti ń padà bọ̀ láti Àtàn. Àwọn tó gbẹ̀yìn ṣì ń lọ. Ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n ti ń bọ̀, títì sì ń yọ̀. Ẹ mọ ibí yìí, ìyàwó wa."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, òfin ni ǹ bá sọ fún un. Kí ni kí n wá sọ fún ẹ̀yin?"

Kò fi ṣe ìkà. Bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà ní ìbàdí rẹ̀, níbi tó ti wà láti bí ọgbọ̀n ọdún. Mo yí ojú kúrò níbẹ̀, mo wo okùn.

Mo lè gbé okùn yẹn sókè o. Èmi ni mo ta kókó rẹ̀, mo mọ ibi tí ó ti dẹ̀. Mo tiẹ̀ fọwọ́ dì í mú. Ó tutù, ó wú fún òjò, àkísà pupa àárín rẹ̀, aṣọ ìkómọ ọmọ mi kejì tó ti gbó, ṣì hàn níbẹ̀. Mo dúró, mo dì í mú, ara mi kò jẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ yẹn á já láti orí òkè, fìn-ín, omi á ta sí mi láṣọ, yóò sì ti lọ kí n tó mí. Ńṣe ni mo ń gbọ́ egungun. Iwájú, títì. Ẹ̀yìn, àbàtà. Èrò ti pọ̀ lẹ́yìn mi, èjìká wọn fún mi mọ́ okùn, mi ò lè padà sílé mọ́ pàápàá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè. "Ìyá kékeré, ẹ ti dé ibo?"

"Mo ti ń bọ̀."

Mi ò tíì kúrò lójú kan. Ó tún pè lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ó ní àwọn ìyá mẹ́ta ti dé, wọ́n ti pọn omi, ọ̀kan nínú wọn sì ń sọ pé kò dára láti máa fi òkú falẹ̀. Ìgbà kẹta tó pè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Aago mọ́kànlá ti kọjá. Mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Wọ́n ní kí n dìde, mi ò dìde."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dúró tì mí ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá arúgbó kan ló ń fa gbogbo èyí. Ọdọọdún ló ń ká wa mọ́ ibí. Wọ́n ní ó máa ń dúró jẹ ẹ̀kọ lọ́nà."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Ẹ̀kọ kọ́, ó máa ń sùn díẹ̀ ni. Kẹ̀kẹ́ ló ń gbé e lọ."

Mo ní, "Ọkọ mi ni."

Àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀ sórí ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ má bínú, Màmá. Bàbá ń gbìyànjú o."

Mo ní kí wọ́n dìde, pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Nínú ọkàn mi, èmi náà ń bínú sí i. Mo rò pé tí ó bá jẹ́ pé ó ti jókòó sílé bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, títì á ti ṣí. Ìbínú yẹn ni mo fi ń dúró. Ó dára ju ẹkún lọ.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń lọ dín kù, àwọn tó ń padà ló kù. Bàbá Onífèrè ní, "Ó ń bọ̀." Mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí n tó rí i, ṣéènì kẹ̀kẹ́ yẹn máa ń dún kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Táyà rẹ̀ ti jò lọ́nà, ó ti lẹ̀ ẹ́, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àtàn ló dojú kọ. Ó ṣì ní láti lọ kó tún padà kí wọ́n tó lè tú okùn. Àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́ fún un, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Ó rí mi, ó rí àpò tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rín náà lọ.

Kò fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀ rí níbi eré, àfi tí táyà bá jò. Ó fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀ níwájú mi.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ó ní, "Ìgbà wo?"

"Lẹ́yìn Àsùbá. Mi ò tíì wẹ̀ ẹ́."

Ó wo títì, ó wo òdìkejì, ó wo kárià ẹ̀yìn rẹ̀. Ó nu omi orí rẹ̀ pẹ̀lú apá ṣẹ́ẹ̀tì. "Gun ẹ̀yìn."

Bàbá Onífèrè ní, "Bàbá, tí ẹ bá gbé èèyàn, wọ́n máa yọ yín nínú ìwé o. Láti ọdún àkọ́kọ́, ẹ̀yin nìkan lẹ parí rẹ̀ lọ́dọọdún."

"Kí wọ́n yọ mí."

Bàbá Onífèrè bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó okùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì nìkan kò lè tú u, òjò ti mú kí ó le. Èmi ni mo tú u. Bàbá Onífèrè bọ́ sí àárín títì, ó dojú kọ òkè, ó na ọwọ́ òsì, ó fọn fèrè títí àwọn tó ń bọ̀ fi fa búrèkì. Mo gun kárià. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti gùn ún kẹ́yìn. Mo jókòó ẹ̀gbẹ́ kan bí ìyàwó tuntun, àpò wà lórí itan mi, mo fi ọwọ́ kan di bẹ́líìtì rẹ̀ mú.

Kò rọrùn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Tí a bá dé orí òkè, màá sọ̀ kalẹ̀, a ó jọ ti kẹ̀kẹ́. Tí a bá dé ibi tó tẹ́jú, màá tún gùn ún. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ títì kún fún èèyàn, wọ́n rò pé eré ni a fi ń dá wọn lára yá. "Bàbá, ẹrù yín wúwo o." "Ìyàwó, ẹ di ọkọ yín mú." Àwọn obìnrin ń kọrin fún wa. Kò sí ibi tí mo lè yà sí, kò sí ẹni tí mo lè dá dúró ṣàlàyé fún, mo kàn fi ìborùn bo ojú mi. Ó ṣòro kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún ọ lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ kú. Mo ń gbọ́ bí ẹ̀mí bàbá àwọn ọmọ mi ṣe ń já gééré gééré ní àyà rẹ̀. Mo ní kó sinmi. Ó ń wà á lọ.

Ní Àtàn, wọ́n máa ń gbé àgbá kan sí àárín títì níbi tí àwọn tó ń sáré ti máa yí padà. Ilé ẹ̀gbọ́n mi wà níwájú àgbá náà. Ọkùnrin tó dúró tì í na ọwọ́ sí bàbá àwọn ọmọ mi, "Bàbá, ibí ni, ibí ni, ẹ yí i." Kò yí i. Ó kọjá àgbá, ó gba ọ̀nà wa lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dí i. Àwọn ìyá mẹ́ta jókòó lórí bẹ́ǹṣì, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi wà níwájú wọn. Nígbà tí ọmọ náà rí mi, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Mo fọwọ́ kan omi tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó tutù. Mo ní kí wọ́n dá iná.

Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ìyá náà ní, "Ìyá, òkú ò mọ̀ pé omi tutù."

Mo ní, "Èmi mọ̀."

Bí wọ́n ṣe gbé omi kaná nìyẹn. Mo bẹ ìyá àgbà náà pé kó dúró lẹ́yìn gọ́bì, aṣọ tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà yàrá, kó máa sọ fún mi bí a ṣe ń tẹ̀ lé e ní ìlànà, nítorí mi ò mọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó gbà. Ó ń sọ, mo ń ṣe é. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi gbé e. Mo kọ́kọ́ fi aṣọ ìnura bo ẹ̀yìn rẹ̀, mo wá ń da omi sórí aṣọ náà, mo ń gba abẹ́ rẹ̀ wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ mi. Mo mọ gbogbo ibi tó hunjọ níbẹ̀ láìfi ojú rí i. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Káńfọ̀ wà nínú èyí tó kẹ́yìn. Nígbà tí a di aṣọ funfun fún un tán, ìyá tó wà lẹ́yìn gọ́bì ní, "Ẹ ṣe é dáadáa." Kò béèrè ìdí aṣọ ìnura, kò sì wọlé. Wọ́n kírun sí i lára lẹ́yìn Àyìlá bí àáfà ṣe sọ. Bàbá àwọn ọmọ mi wà nínú àwọn tó gbé e, aṣọ nọ́ńbà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí bọ́ ọ fún un.

Àṣìṣe wa nìyẹn: kò sẹ́ni tó rántí pé òun ni ẹni tó gbẹ̀yìn. Ìrọ̀lẹ́ ni a tó gbọ́. Gbogbo ẹni tó gba ipò ti gba ẹ̀bùn, wọ́n ti lọ sílé, okùn ṣì wà lọ́nà, nítorí Bàbá Onífèrè ń retí kí ọkọ mi padà kọjá. Wọ́n ń pè é lórí fóònù tó wà lórí tábìlì wa ní Ilo-Awela. Àwọn ọlọ́pàá ní kí wọ́n ṣí títì, ó ní ẹni tó gbẹ̀yìn kò tíì padà. Ó lé ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí eré parí kí ọkùnrin tó dúró ti àgbá tó rán ẹnì kan sí wọn pé bàbá kò yí i, ilé òkú ló lọ. Ní gbogbo àsìkò yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ilé iṣẹ́ wọn wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Obìnrin kan wà tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná dání, ilé ìwòsàn sì wà ní òdìkejì níwájú rẹ̀. Ọmọ náà sàn, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òun náà dúró síbi tí mo dúró sí, ó sì ṣeé ṣe kó fọwọ́ di okùn mi mú bíi tèmi.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà títí. Ìgbà tí mo hun okùn yẹn, mo rò pé ìtọ́jú èèyàn ni mo ń ṣe. Ìtọ́jú náà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ohun tí mo ti ṣe ló ń darí ọwọ́ mi, ẹni tí ẹ̀rù bá sì ń bà, ó máa ń ta kókó rẹ̀ le jù. Mi ò fi àyè kankan sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ẹni tí ohun tó ju eré lọ bá ṣẹlẹ̀ sí. Mo fi ti ọjọ́ kan ṣoṣo ṣe òfin gbogbo ọjọ́. Àti bàbá àwọn ọmọ mi, tí mo dúró létí títì tí mo ń bínú sí: nínú ìwé wọn, wọ́n kọ ọ́ pé kò parí lọ́dún náà. Kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi rí, èmi náà kò sì bi í.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti Àtàn wá sílé láti kó aṣọ tí màá lò títí wọn yóò fi ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n ti ká okùn méjèèjì jọ sẹ́nu ọ̀nà mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ẹrẹ̀ gbogbo wà lára wọn. Mo fọ̀ wọ́n. Kí wọ́n tó gbẹ, mo mú ọ̀bẹ, mo sì gé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí méjì ní apá tó máa ń wà ní kọ̀rọ̀ yẹn. Mo hun ojóbó sí etí kan, mo so igi kékeré kan mọ́ etí kejì, bí a ṣe ń ṣe bọ́tìnnì, kí ó lè tètè wọ̀ kí ó sì tètè yọ. Mo gbé wọn lọ sílé Bàbá Onífèrè. Ó jókòó síta, ó ń fi oúnjẹ fún adìyẹ.

Mo so okùn kan mọ́ òpó ilé rẹ̀ méjèèjì. Mo ní, "Ẹ ṣí i."

Ó na ọwọ́ òsì.

Mo ní, "Rárá. Ọwọ́ kejì."

Ó wò mí. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kúrò ní ìbàdí, díẹ̀ díẹ̀, ó dé àyà, ó dúró níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo so ó sí. Ó fi ìka méjì fa igi náà, okùn là sí méjì, ó bọ́ sílẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ta ló máa sọ ẹni tí a ó ṣí i fún?"

"Ẹ̀yin ni. Kí ẹ kọ́kọ́ wo òkè, kí ẹ wo ìsàlẹ̀, kí ẹ wo ojú ẹni tó dúró níwájú yín."

Ó tún un dè, ó tún un ṣí, adìyẹ ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé àpò aṣọ mi, mo padà sí kọ̀rọ̀ náà láti wá ọ̀kadà tí yóò gbé mi lọ sí Àtàn. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, kò sí okùn kankan níbẹ̀. Mo dúró, mo wo apá ọ̀tún dáadáa, mo wá dá títì kọjá.